Fáìlì "errors" lórí sẹ́fà: ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àṣìṣe?

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sẹ́fà 389 Directory Server lé mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ wa ní Oǹdó. Òun ló ń tọ́jú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ṣí fáìlì tó ń jẹ́ errors, ó kún fọ́fọ́, àyà mi sì já. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Orúkọ fáìlì yẹn ló ń dẹ́rù bani. Ìgbà tí sẹ́fà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tó dáwọ́ dúró náà ń wọ ibẹ̀. Wo ìlà yìí:

[12/Mar/2024:07:41:09.318204517 +0100] - INFO - slapd_daemon - slapd started. Listening on All Interfaces port 389 for LDAP requests

Ọjọ́ àti aago ló ṣáájú; +0100 ni aago tiwa ní Nàìjíríà. INFO ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. slapd_daemon ni ẹ̀ka tó sọ̀rọ̀, ìyókù sì ni ọ̀rọ̀ gan-an: sẹ́fà ti dìde, ó ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Ìròyìn ayọ̀ ni. ERR, CRIT, ALERT àti EMERG ni kí o máa wá. EMERG ló le jù.

Ṣé iye tí wọ́n kọ sí nsslapd-errorlog-level, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí sẹ́fà máa kọ sínú fáìlì errors, ló ń pinnu bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó?

Rárá o, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Iye yẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀ka tí o fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń yàn. 128 ni ti ẹni tó láṣẹ láti rí nǹkan. 8192 ni ti bí sẹ́fà kan ṣe ń fi àyípadà ránṣẹ́ sí èkejì. Bí o bá fẹ́ méjèèjì, ro wọ́n pọ̀: 8320.

Báwo ni sẹ́fà ṣe ń tú u? Ká ní o lọ sí Ọjà Ọba l'Ákúrẹ́, ata jẹ́ 100 náírà, iyọ̀ 200, ẹ̀fọ́ 400, o sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Bí o bá ní 500 lo ná, mo ti mọ̀ pé ata àti ẹ̀fọ́ lo rà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jẹ́ 500. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye wọ̀nyí: 1, 2, 4, 8, ìlọ́po méjì-méjì ni wọ́n.

Ẹnì kan ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ṣì, n kò sì rí i níbẹ̀.

Fáìlì access ni kí o wò. Wá err=49, àmì pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni náà tẹ̀ kò tọ́.

Ṣé kí n kúkú ṣí gbogbo ẹ̀ka sílẹ̀?

Má dán an wò, mo bẹ̀ ọ́. Mo rí i níbi iṣẹ́ kan l'Ákúrẹ́: wọ́n fi iye náà sí 1, tó ń kọ gbogbo ìṣísẹ̀ sẹ́fà sílẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó fi di àárọ̀ Ajé, díìsìkì ti kún, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé. Ṣí ẹ̀ka kan, jẹ́ kí ohun tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí o lè rí i nínú fáìlì, kí o sì dá iye náà padà sí 16384, tó máa ń wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o tó dìde lórí àga. Kò di dandan kí o pa sẹ́fà kí o tún tan án. Àṣẹ tí o máa tẹ̀ nìyí:

dsconf orúkọ-sẹ́fà-rẹ config replace nsslapd-errorlog-level=16384