DBMS àti RDBMS: ìwé ọjà àǹtí mi aláàdìrẹ

Àǹtí mi ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Ìwé ńlá kan ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ọjà tí wọ́n bá tà. Oníbàárà wọn kan wà tó ń jẹ́ Bọ́lá. Ó ra aṣọ lẹ́ẹ̀méje lọ́dún kan, ojú méje ni orúkọ rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ sì wà nínú ìwé yẹn. Bọ́lá pààrọ̀ nọ́ńbà. Àǹtí mi tún ojú mẹ́ta ṣe, wọ́n gbàgbé mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pè é kó wá gbé aṣọ ẹbí rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń sọ Haúsá ló gbé fóònù.

Ìwé yẹn ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ bí wọ́n bá bi mí ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín DBMS (database management system) àti RDBMS (relational database management system).

DBMS ni orúkọ ẹbí. Ètò orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó ń bá wa tọ́jú dátà, tá a lè fi kún, tá a lè wá nǹkan nínú rẹ̀, tó sì mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án, DBMS ni, bó ti wù kó to dátà ọ̀hún. IMS tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ṣe láàárín àwọn ọdún 1960 tò ó bí igi tó yọ ẹ̀ka. MongoDB tayé ìsinsìnyí ń tọ́jú rẹ̀ bí ìwé pélébé-pélébé. (Àwọn kan a máa kọ́ ọmọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè lo DBMS lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ ni, IMS ti ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà kí RDBMS tó dáyé.)

RDBMS jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí yẹn. Edgar F. Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ló gbé èrò rẹ̀ jáde lọ́dún 1970: kí gbogbo dátà wà nínú téébù, ìyẹn àtẹ tó ní ìlà àti òpó. Ọ̀pọ̀ ló rò pé "relational" ń sọ bí téébù kan ṣe bá òmíràn tan. Nínú ìṣirò tí Codd ti mú ọ̀rọ̀ náà, téébù fúnra rẹ̀ ni relation.

Mo bá àǹtí mi gbé ìwé wọn sínú MySQL, tó jẹ́ RDBMS kan. Nínú téébù oníbàárà, ìlà kan péré ni Bọ́lá ní: 12 (nọ́ńbà tá a fún un), orúkọ, fóònù. Nínú téébù ọjà, ọjọ́, irú aṣọ, iye owó, gbèsè tó kù, àti 12. Kò tún sí orúkọ níbẹ̀ mọ́. Nínú téébù oníbàárà, 12 yẹn ni primary key, ẹni méjì ò lè jọ ní in; nínú téébù ọjà, foreign key ló ń jẹ́, torí pé ó ń tọ́ka sí ìlà Bọ́lá nínú téébù oníbàárà. Bí fóònù bá yí padà, ojú kan la ó tún ṣe.

Èyí tó wù mí jù ni pé RDBMS lè kọ̀. Kọ ọjà sórúkọ oníbàárà 50 nígbà tí kò sí 50, kò ní gbà. Fẹ́ pa Bọ́lá rẹ́ nígbà tí ọjà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò ní gbà. Ìwé ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Ohun tí bírò bá ti kọ ló gbà. (SQLite tó wà nínú fóònù yín náà jẹ́ RDBMS, àmọ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ pàṣẹ fún un kó tó máa ṣọ́ foreign key.)

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àǹtí mi ní kí n bi MySQL ni ẹni tó jẹ wọ́n lówó jù. SQL, èdè tá a fi ń bi RDBMS ní ìbéèrè, so téébù méjèèjì pọ̀, ó ṣírò gbèsè, ó mú orúkọ kan wá. Orúkọ tèmi ni.