Anna Magnani: Orí Ìtàgé Apanilẹ́rìn-ín Ló Ti Wá, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Rossellini

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ̀wé nípa sinimá ilẹ̀ Ítálì pé ìgbà wo ni òṣèrébìnrin Anna Magnani dáyé nídìí eré, púpọ̀ nínú wọn á ní ọdún 1945 ni, nígbà tí olùdarí fíìmù Roberto Rossellini fi í sínú fíìmù Roma città aperta. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni ọdún 37 ni obìnrin yìí nígbà tí fíìmù náà jáde, eré ló sì ti ń ṣe jẹun láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún ó lé díẹ̀. Ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní Róòmù. Àwọn kan máa ń ní Alẹkisáńdríà lórílẹ̀-èdè Íjíbítì ni, Franco Zeffirelli tó jẹ́ olùdarí fíìmù sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n Anna fúnra rẹ̀ sọ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tó mi. Ohun tó fa àròsọ yẹn kò ju pé Marina, ìyá rẹ̀, lọ fìdí kalẹ̀ sí Alẹkisáńdríà, tó sì fọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Anna kò mọ bàbá rẹ̀. Orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́. Inú ilé tí obìnrin pọ̀ sí ló dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá àgbà àti àwọn àǹtí rẹ̀. Mo gbà pé ilé yẹn ni ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń fi ohùn àwọn ará Róòmù jà, tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀, tó tún fi ń sunkún láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, á mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé lèèyàn ti ń rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn obìnrin tó dàgbà jù ú lọ ló ti gbọ́ ọ, nígbà tó ṣì kéré.

Lóòótọ́, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ eré tí wọ́n fi orúkọ Eleonora Duse pè ní Róòmù, níbi tí òun àti Paolo Stoppa ti jọ kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ti sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di orísun ohun gbogbo. Àmọ́ nígbà tó kúrò níbẹ̀, tó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Dario Niccodemi, ipa kéékèèké ni wọ́n ń fún un. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá fún un ní gbogbo ohun tó nílò, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1934 ni nǹkan yí padà, nígbà tó bọ́ sórí ìtàgé orin àti ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá méjì kan, àwọn De Rege. Láyé ọjọ́un, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn sinimá, àwọn aláwàdà, olórin àti oníjó á kọ́kọ́ ṣeré lórí ìtàgé. Avanspettacolo ni wọ́n ń pè é. Àwọn òǹwòran ibẹ̀ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀fẹ̀ bá kùnà, wọ́n á súfèé, wọ́n á bú òṣèré náà láti orí ìjókòó wọn, òun náà sì gbọ́dọ̀ dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán fún un. Níbẹ̀ ni Anna ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú èrò dání. Ó tún mọ stornelli kọ, ìyẹn orin ṣókí-ṣókí táwọn ará Róòmù fi máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn, bí ìgbà tí orogún bá ń forin bú orogún nínú agbo ilé. Láti ọdún 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀, òun àti Totò, ọ̀gá àwọn aláwàdà Naples, jọ ń ṣeré tí Michele Galdieri kọ, gbọ̀ngàn sì ń kún.

Ẹ wo àwọn fíìmù tó ṣe kí Rossellini tó pè é. Nínú Teresa Venerdì tí Vittorio De Sica darí lọ́dún 1941, olórin orí ìtàgé ló ṣe. Nínú Campo de' fiori lọ́dún 1943, ó ṣe obìnrin ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀fọ́ àti èso, tí Aldo Fabrizi sì ń ta ẹja. Ta ni Fabrizi? Aláwàdà láti orí ìtàgé kan náà ni, òun kan náà ló sì ṣe àlùfáà Don Pietro nínú Roma città aperta. Àwọn gbajúmọ̀ méjì tó gbé fíìmù yẹn dúró, ìdí ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti wá. Rossellini bá wọn ní gbígbó ni.

Ṣé ẹ rántí ibi tí Pina, obìnrin tí Anna ṣe nínú Roma città aperta, ti kú? Òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Àwọn Jámánì tó gba Róòmù nígbà ogun ti mú Francesco àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Pina já ara rẹ̀ gbà, ó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó ń kígbe orúkọ Francesco, ìbọn dún, ó ṣubú lulẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì sáré wá dà bò ó. Ikú Teresa Gullace ló wà nídìí ìtàn náà, aboyún tí wọ́n yìnbọn pa ní Róòmù lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1944. Gbogbo ara ni Anna fi ṣe é, bó ṣe máa ń ṣe níwájú àwọn tó ń súfèé.

Èyí tó kù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù níbi àjọ̀dún fíìmù Venice lọ́dún 1947 fún L'onorevole Angelina. Tennessee Williams, òǹkọ̀wé eré ará Amẹ́ríkà, kọ eré orí ìtàgé The Rose Tattoo pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn, fíìmù tí wọ́n fi eré náà ṣe ló sì fún un ní Oscar lọ́dún 1956, òun sì ni òṣèrébìnrin Ítálì àkọ́kọ́ tó gba ti òṣèrébìnrin tó dára jù. Nínú fíìmù Mamma Roma tí Pasolini darí lọ́dún 1962, ibi ìgbéyàwó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi stornelli sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọkọ ìyàwó àti ìyàwó, àwọn náà ń fèsì. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973 ni àrùn jẹjẹrẹ pa á ní Róòmù. Ibojì ìdílé Rossellini ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí San Felice Circeo, ìlú etí òkun tó kọ́lé sí.