Supercup ilẹ̀ Jámánì (1987 sí 1996): bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó pa á

Láti 1987 títí dé 1996, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, DFB, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, máa ń kó ẹgbẹ́ méjì jáde láti figa gbága. Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ tó gba Bundesliga, líìgì àgbà Jámánì, ní sáà tó kọjá. Èkejì ni ẹgbẹ́ tó gba DFB-Pokal, ife ilẹ̀ Jámánì. Oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń gbá a, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni, kò sí pé ẹnì kan ń lọ sílé ẹnì kejì kí onítọ̀hún náà tún wá. Ẹni tó bá borí gbé ife DFB-Supercup lọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń lo pápá tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìlú Kaiserslautern ni Dortmund àti Bayern ti pàdé ní 1989, ìlú Mannheim sì ni Dortmund àti ẹgbẹ́ Kaiserslautern lọ ní 1996. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tí wọn kì í rú: Leverkusen gbá ti 1993 nílé ara rẹ̀, Bayern náà gbá ti 1994 ní Munich. Ilé kò sì ran ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́, nítorí Werder Bremen ló wá gba ife mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Pẹnáritì ni wọ́n fi yanjú ti 1993, 7-6 lẹ́yìn ọ̀mì 2-2; ti 1994 wọ inú àfikún àsìkò kó tó di 3-1.

Wọ́n máa ń sọ pé eré ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n wé láwàní ife ni Supercup. Ìfigagbága àkọ́kọ́ pàápàá ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1987, ní Frankfurt, Bayern Munich kojú Hamburg. Ó kù díẹ̀ kí eré parí nígbà tí Jürgen Wegmann gbá góòlù kejì wọlé fún Bayern, tó di 2-1. Uli Stein tó ń ṣọ́lé fún Hamburg kò lè pa á mọ́ra: ó fún Wegmann ní ẹ̀ṣẹ́ lójú. Rẹfirí yọ káàdì pupa, Hamburg sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ibo ló gbà lọ? Eintracht Frankfurt, ní ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó bá wọn gba DFB-Pokal ní 1988, èyí tó tún fún Frankfurt láyè nínú Supercup ọdún náà, níbi tí Bremen ti nà wọ́n ní 2-0.

Ohun kan wà nínú ètò náà tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa kì í kíyè sí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tó dára jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ló ń pàdé. DFB-Pokal ò kọ ẹgbẹ́ líìgì ìsàlẹ̀, kòmẹsẹ̀-ó-yọ sì ni, nítorí náà ibikíbi ni ẹni tó gbà á lè ti wá. Hannover 96 wà ní líìgì kejì nígbà tó gba ife ní 1992. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé iwájú Stuttgart, tó sì fìdí rẹmi ní 3-1. Ti Kaiserslautern ní 1996 tún le jù bẹ́ẹ̀: sáà kan náà tó gba Pokal ló já wálẹ̀ láti Bundesliga. Síbẹ̀, ọ̀mì 1-1 ló gbá pẹ̀lú Dortmund tó gba líìgì, àfi ìgbà tí wọ́n dé ìdí pẹnáritì ni Dortmund fi 4-3 yọ.

Ti 1991 ṣàrà ọ̀tọ̀. Jámánì méjèèjì ti di ọ̀kan ní oṣù Kẹwàá 1990, ṣùgbọ́n líìgì Ìlà-Oòrùn ṣì dá sáà rẹ̀ gbá parí kí wọ́n tó pò ó mọ́ Bundesliga. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pè lọ́dún náà. Kaiserslautern àti Bremen wá láti Ìwọ̀-Oòrùn. Ní Ìlà-Oòrùn, Hansa Rostock ló gba líìgì, òun náà ló gba ife, ni wọ́n bá mú Stahl Eisenhüttenstadt, tí Rostock nà nínú àṣekágbá ife, láti di àyè kejì. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn méjèèjì kò kọjá ìpele àkọ́kọ́, Kaiserslautern sì na Bremen ní 3-1.

Nígbà tí ọdún mẹ́wàá fi pé, Bremen gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, Dortmund lẹ́ẹ̀mẹta, Bayern lẹ́ẹ̀mejì, Kaiserslautern àti Stuttgart lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe àìgbádùn ló pa á. Ìfigagbága kan ṣoṣo ni Supercup ní, ìwọ̀nba sì ni ohun tí èèyàn lè tà lára rẹ̀. Ní 1997, wọ́n fi Ligapokal rọ́pò rẹ̀: ẹgbẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin kọ́kọ́ gbá, méjì ń dúró dè wọ́n ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ìyẹn sọ eré kan di márùn-ún, láàárín àkókò tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣì ń wá bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn ṣe máa yá. Bayern gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà nínú mọ́kànlá. Ibi tí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ náà ló ti ya: ní 2008, Euro, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, jẹ lára àkókò ìsinmi, kò sí ọjọ́ tó ṣẹ́ kù fún Ligapokal. Wọn ò gbá a lọ́dún náà, wọn ò sì gbá a mọ́ láéláé.

Nígbà tí àjọ líìgì, DFL, dá Supercup padà ní 2010, eré kan ṣoṣo náà ni wọ́n tún mú. Bayern ti gba líìgì àti ife pọ̀ lọ́dún náà, nítorí náà Schalke tó ṣe ipò kejì ní líìgì ló wá kojú rẹ̀ ní Augsburg, Bayern sì borí ní 2-0. Òfin ọ̀mì náà ti yí padà: kò sí àfikún àsìkò mọ́, láti ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, ìdí pẹnáritì ni.