Ìmóoru ilé ọmọ ejò ọ̀sìn

Ìmóoru ilé ọmọ ejò ọ̀sìn ni ètò tí olùsìn ń ṣe kí apá kan nínú àpótí tí ejò ń gbé lè máa gbóná, kí apá kejì má sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ara ejò kì í pèsè ooru tó tó o. Bí ó bá fẹ́ gbóná, ó di dandan kó lọ yáná níbì kan. Bí ara rẹ̀ bá sì ti gbóná tó, á kúrò níbẹ̀. Oòrùn, òkúta tí oòrùn ti pa àti ihò ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún un nínú igbó. Nínú àpótí, ọwọ́ olùsìn ló kù sí.

Ara ọmọ ejò tín-ín-rín, nítorí náà kíá ló ń gbóná, kíá ló sì ń tutù. Ó tún máa ń jẹun léraléra ju àgbà ejò lọ, bẹ́ẹ̀ ooru ni oúnjẹ fi ń dà nínú rẹ̀. Bí òtútù bá mú un lẹ́yìn tó gbé eku mì, eku náà lè jẹrà sí i níkùn kó tó dà, ejò á sì pọ̀ ọ́. Òtútù tó bá pẹ́ lára rẹ̀ máa ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró: ejò á máa la ẹnu mí, ihò imú rẹ̀ á sì máa yọ ìfófòó.

Ìwọ̀n ooru yàtọ̀ láti irú ejò kan sí òmíràn. Python regius, òjòlá kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, ń fẹ́ nǹkan bí 31 sí 33 °C ní apá gbígbóná àti 25 sí 27 °C ní apá kejì. Pantherophis guttatus, tí ó wá láti gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀: 29 sí 31 °C ní apá kan, 22 sí 25 °C ní èkejì. Ìyàtọ̀ àárín apá méjèèjì ṣe pàtàkì ju iye kan ṣoṣo lọ, nítorí ejò fúnra rẹ̀ ló mọ ìgbà tí ooru tó o.

Ẹní oníná ni ọ̀pọ̀ olùsìn ń lò. Abẹ́ àpótí gíláàsì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó má gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ àpótí lọ; bí ó bá gba gbogbo ilẹ̀, ejò kò ní ríbi sá sí. Wọ́n máa ń fi nǹkan gbé àpótí sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹní yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú afẹ́fẹ́ inú àpótí gbóná, pákó kì í sì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ kọjá. Fún àpótí onípákó tàbí yàrá tó tutù, ooru láti òkè ló dára jù: gílóòbù lọ́sàn-án, tàbí ẹ̀rọ amóoru onísẹ̀rámíìkì tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, tó ṣeé lò tọ̀sán-tòru. Àwọ̀n irin gbọ́dọ̀ yí wọn ká, torí ejò lè lọ́ mọ́ wọn. Òkúta oníná kò yẹ ní lílò rárá. Ejò lè dùbúlẹ̀ sórí ohun tó gbóná jù títí ikùn rẹ̀ á fi jóná.

Èyíkéyìí tí a bá lò, ẹ̀rọ adarí ooru (tẹ́mósítáàtì) kì í ṣe àfikún. Ẹní oníná tí kò ní i lè kọjá 40 °C. Ibi tí a fi imú wáyà rẹ̀, èyí tó fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó, sí sì ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù: bí ejò bá tì í kúrò, tàbí tí omi bá dà sí i, ẹ̀rọ á rò pé òtútù wà, á sì máa fi iná kún iná. Ó yẹ kí a dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, kí tẹmómítà mìíràn sì máa ṣọ́ ọ. Tẹmómítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri àpótí ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí ooru ògiri nìkan ló ń wọ̀n. Orí gíláàsì gan-an, lábẹ́ ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ àpótí, ni ká wọn ooru ilẹ̀, nítorí ọmọ ejò máa ń walẹ̀ débẹ̀.

Ibùba méjì ló yẹ, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ apá tútù nìkan ni ibùba wà, ejò tó ń bẹ̀rù á fara mọ́ òtútù ju kó jáde lọ. Ooru tún máa ń gbẹ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, èyí tó lè mú kí ejò bọ́ awọ ní àfọ́kù dípò kó bọ́ lódindi.

Ọjọ́ kan tàbí méjì kí ejò tó dé ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ ti máa ṣiṣẹ́, kí a sì wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Bí iná bá lọ, a lè fi aṣọ bo àpótí láìdí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí a fi ìgò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ ejò tí ara rẹ̀ le máa ń fara da òtútù wákàtí díẹ̀. Ooru àpọ̀jù ló ń yára pa á.