Ibi tí ẹ̀sìn Kristi gbà wọnú òfin tí kóòtù fi ń dájọ́ ní Èkìtì

Bí ìgbéyàwó bá ń lọ lọ́jọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ìkẹ̀rẹ́, ìgbà kan á dé tí àlùfáà á ní kí ọkọ, ìyàwó àti àwọn ẹlẹ́rìí wá buwọ́ lùwé. Akọrin á máa kọrin, àwọn mọ̀lẹ́bí á ti máa múra fọ́tò. Inú ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù yẹn ni òfin Nàìjíríà àti ẹ̀sìn Kristi ti fara kanra jù lọ. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ bóyá orí Bíbélì ni wọ́n gbé òfin orílẹ̀-èdè yìí kà, ìdí ìwé náà ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì gbà pé orí ẹ̀sìn ni wọ́n dá ìlú sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ wa. Láti 1933 ni Christ's School ti wà ní Adó, Èfọ̀n-Aláayè sì ni wọ́n sin wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959. Kódà nígbà ogun Kírìjì, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni gómìnà Èkó rán lọ bá àwọn ológun sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní 1886. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Òmìnira àwọn ìlú Èkìtì kúrò lábẹ́ Ìbàdàn ni kókó rẹ̀. Nígbà tí Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, sì so Gúúsù mọ́ Àríwá ní 1914, ọ̀rọ̀ owó àti ìṣàkóso ló wà nídìí rẹ̀: owó tó ń wọlé ní Gúúsù ni wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo tó wà nínú àpò Àríwá. Ìjọba yìí kan náà ló ń dí àwọn ajíhìnrere lọ́wọ́ kí wọ́n má wọ ìlú àwọn ẹ́míà. Ìjọba tó bá dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ lórúkọ Kristi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀sìn gbà wọlé. Ní 1863 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ilẹ̀ wọn wá sí Èkó. Nígbà tó di 1876, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kóòtù á máa lo òfin Gẹ̀ẹ́sì, á sì máa tẹ̀ lé àṣà ìbílẹ̀ bí kò bá ti ta ko ẹ̀tọ́, àìṣègbè àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Bí ẹni ra béèlì òkìrìkà ni: gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa bá a délé. Títí di 1857, kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1866, adájọ́ wọn kan, Lord Penzance, sọ pé ìgbéyàwó, bí ilẹ̀ àwọn Kristẹni ṣe mọ̀ ọ́n, ni kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan fínnúfíndọ̀ so pọ̀ títí ọjọ́ ayé wọn, láìsí ẹlòmíràn láàárín. Òfin Nàìjíríà tó túmọ̀ ìgbéyàwó aláya-kan lónìí ṣì di ọkùnrin kan àti obìnrin kan yẹn mú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn Kristẹni àti títí ọjọ́ ayé ni wọ́n yọ kúrò.

Bí ètò náà ṣe ń lọ rèé. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó alárédè á kọ́kọ́ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní rẹ́jísìtìrì. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, bí ẹnikẹ́ni kò bá takò ó, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìkéde. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ lò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì. Ìlẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, àárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán á sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àlùfáà. Ó yẹ kí àwọn òbí fetí sí èyí dáadáa, nítorí àìmọye ṣọ́ọ̀ṣì ló ń so yìgì láìní láísẹ́ǹsì. Bí tọkọtaya bá mọ̀ pé kò sí i, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é níbẹ̀, asán ni lójú òfin yìí, bó ti wù kí àdúrà pọ̀ tó.

Ẹni tó bá ti buwọ́ lùwé yẹn ti kúrò lábẹ́ òfin kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Bó bá tún lọ san owó orí obìnrin mìíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún wà nílẹ̀ fún un. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká, àfi kóòtù gíga. Bó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ìyàwó rẹ̀ ní ìpín nínú dúkìá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aya kì í jogún ọkọ nínú àṣà Yorùbá. Ní Èkó ní 1898, nínú ẹjọ́ Cole, kóòtù ti kọ̀ fún arákùnrin olóògbé tó fẹ́ fi àṣà ìbílẹ̀ gba àkóso ogún, nítorí pé ìgbéyàwó Kristẹni ni olóògbé ṣe. Níbí gan-an ni ẹ̀sìn ti di òfin, tó sì ń pín ilé àti ilẹ̀.

Síbẹ̀, àṣà kò kú. Ẹni tó gbéyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀, ìdí igi ni wọ́n ń tẹ̀ lé pín ogún rẹ̀: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, iye yòówù kí ọmọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ ogún Dáwódù, ọkùnrin tó kú tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, dé kóòtù, adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí igi kò bá ẹ̀tọ́ mu, orí-ò-jorí ni kí wọ́n pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Kóòtù àgbà yí ìdájọ́ náà padà ní 1958, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì fara mọ́ wọn. Nínú ọ̀rọ̀ ìbátan pàápàá, àṣà le ju ìwé lọ. Òfin ìgbéyàwó kò ka ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò léèwọ̀ fún ara wọn. Àgbà Èkìtì wo ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní tu ìjókòó ìdána ká?

Ní ti Ìwé Òfin 1999, abala 10 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba. Abala 38 fún oníkálukú ní òmìnira láti sin ohun tó bá gbà gbọ́, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè fi tipátipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n dárúkọ Ọlọ́run níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, àwọn tó ń gorí oyè ìjọba sì ń fi orúkọ Rẹ̀ parí ìbúra wọn, ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ pé Ọlọ́run ẹ̀sìn báyìí ni.

Èyí hàn kedere bí ẹlẹ́rìí bá wọ àpótí ní kóòtù. Akọ̀wé á béèrè ohun tó fẹ́ fi búra. Kristẹni á gbé Bíbélì, Mùsùlùmí á gbé Kùránì, ẹni tó ń bọ Ògún á di irin mú, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fàyè gba ìbúra á kàn jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òótọ́ lòun máa sọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá parọ́, ìjìyà kan náà ló ń dúró dè é.