Ta ló gé ìṣẹ́jú mẹ́rin kúrò nínú The Princess Bride?

Ìjà orí fóònù kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London àti àbúrò wa tó wà ní Houston. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún. Fíìmù ni. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn The Princess Bride débi pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di àkọ́sórí fún wọn, kálukú sì ní DVD tirẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn páálí tirẹ̀, ìṣẹ́jú 94 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àbúrò wo tirẹ̀, 98 ló rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, wọ́n ti gé tiyín. Ẹ̀dà àkànṣe ni tèmi, odindi rẹ̀ ló wà níbí.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gé e? Ìran wo ni mi ò rí?”

Báyìí ni ẹjọ́ náà ṣe dé iwájú mi, torí èmi ni wọ́n máa ń pè bí àríyànjiyàn bá ti dá lórí ohun tí kò lè fi owó sápò ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n jàre. Kò sẹ́ni tó gé nǹkan kan. Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá máa ń gbé kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmọ́ ètò PAL ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọjọ́ pípẹ́ lò, gẹ́gẹ́ bíi tiwa ní Nàìjíríà, àwòrán 25 sì ni PAL ń béèrè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Dípò kí àwọn tó ń ṣe DVD máa wá àwòrán tí wọ́n máa fi kún un, ńṣe ni wọ́n máa ń jẹ́ kí fíìmù sáré díẹ̀, kí 24 lè di 25. Ẹ mú 98, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 24, kí ẹ wá pín in sí 25: 94 àti ẹ̀rún díẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Gbogbo ìran ló pé. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ló kàn ń yára rìn ju bí wọ́n ṣe rìn lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ohùn wọn sì lè fi díẹ̀ tín-ín-rín bí wọn ò bá tún un ṣe. Ètò NTSC ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ máa ń pe apá kan lára àwòrán padà lẹ́ẹ̀kejì láti fi dí àlàfo, ìdí nìyẹn tí aago ò fi yí padà lọ́wọ́ àbúrò wa. Lórí Blu-ray, irú àwo tó dé lẹ́yìn DVD, tó lè gbé àwòrán 24 bó ṣe wà, ìyàtọ̀ yìí kì í sí mọ́.

Ìbá tán síbẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò wa ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí wọ́n bá ti kọ “Special Edition” sára páálí, fíìmù inú rẹ̀ gùn ju èyí tí àwọn mẹ̀kúnnù rà lọ. A tún gbà pé èyí tó jáde kẹ́yìn ló kó gbogbo èyí tó ti jáde ṣáájú mọ́ra, bí ìgbà tí wọ́n ń da omi lé omi nínú ìkòkò. Méjèèjì kì í ṣe òótọ́, kò sì sí fíìmù tí mo mọ̀ tó fi í hàn kedere tó èyí.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: bàbá àgbà kan ló ń ka ìwé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Nínú ìwé náà, ọmọge kan tí ń jẹ́ Buttercup fẹ́ràn Westley, ọmọ ọ̀dọ̀ oko. Àwọn ajínigbé, ọmọ ọba burúkú, òmìrán àti ọ̀gá nínú idà sì wá kó sáàárín wọn. Ìfẹ́ ni, ẹ̀rín ni, ìjà sì ni. Rob Reiner ló darí rẹ̀, ọdún 1987 ló dé sinimá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ló sì pa ní sinimá Amẹ́ríkà. Kò jẹ gbèsè, kò sì mi ìlú tìtì. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló sọ ọ́ di àyànfẹ́. Inú pálọ̀ ni ó ti gbilẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wò ó títí kásẹ́ẹ̀tì fi ń há. Fíìmù tó jẹ́ pé ilé ló sọ ọ́ di olókìkí, kò yà mí lẹ́nu pé àwọn oníṣòwò kò jẹ́ kó sinmi, tí wọ́n ń pààrọ̀ páálí rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ ẹbí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí (ó dùn mọ́ mi ni mò ń wí) ni pé ìgbàgbọ́ òdì nípa “odindi rẹ̀ wà níbì kan” ti wà lára ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú DVD. William Goldman tó kọ eré fíìmù náà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ìwé ní 1973. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe é: ó ní òun kọ́ lòun ni ín, pé ìwé gígùn kan tí S. Morgenstern, ọmọ orílẹ̀-èdè Florin, kọ ni, òun sì kàn gé ibi tó súni dànù. Kò sí Morgenstern rí. Kò sí Florin lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Síbẹ̀, àwọn kan ń wá odindi ìwé náà kiri. Goldman tún sọ nínú ìwé yẹn pé òun kọ ìran kan nípa bí Buttercup àti Westley ṣe tún padà pàdé, pé wọn ò jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà. Àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà lóòótọ́. Wọ́n sì rí èsì gbà: lẹ́tà mìíràn tó ń tọrọ àforíjì, tó ń sọ wàhálà tí àwọn agbẹjọ́rò ogún Morgenstern ń fà. Ọkùnrin tí kò sí, agbẹjọ́rò ti ń jà sí ogún rẹ̀!

Goldman ń ṣẹ̀fẹ̀, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Páálí DVD kì í ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ibì kan náà nínú ọkàn wa ló ń tẹ̀.

Ní 2000, ilé iṣẹ́ fíìmù MGM gbé DVD kan jáde tó mọ níwọ̀n: fíìmù, ohùn tí wọ́n tún ṣe, àti ìpolówó ìgbà sinimá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dà àkànṣe dé. Fíìmù ọ̀hún kò fi ìṣẹ́jú kan gùn sí i. Ohun tó di àkànṣe ni ohùn àwọn tó ṣe é. Ẹ lè wo fíìmù náà pẹ̀lú Reiner tó ń ṣàlàyé bó ṣe yà á, ẹ tún lè padà wò ó pẹ̀lú Goldman tó ń sọ bó ṣe kọ ọ́. Cary Elwes tó ṣe Westley náà kó àwọn fídíò tí òun fúnra rẹ̀ yà níbi iṣẹ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, páálí yìí ni ọ̀rọ̀ “àkànṣe” yẹ jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ wá wo 2006. Páálí méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń jẹ́ “Dread Pirate”, fún àwọn tó fẹ́ràn idà; èkejì ń jẹ́ “Buttercup”, fún àwọn tó fẹ́ràn ìfẹ́. Mo mọ ẹnì kan tó ra méjèèjì. Ẹ̀kọ kan náà ni, ewé ni wọ́n pààrọ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì.

Nígbà tó di 2007, tí fíìmù náà pé ogún ọdún, wọ́n tún gbé òmíràn jáde. Èèpo rẹ̀ wuyì gan-an: bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, àkọlé náà ṣì ṣe é kà. Àmọ́ àwọn ohun tí wọ́n kó sínú páálí 2006 kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn fídíò kéékèèké tuntun àti eré ìdárayá kan ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Ẹni tó ta ti àtijọ́ kó lè ra ti ayẹyẹ, ó ti sọ nǹkan nù, kò sì ní mọ̀ àfi tó bá ka ẹ̀yìn páálí dáadáa.

Kí ló fà á? Ẹ̀tọ́ lórí fíìmù ọ̀tọ̀, ẹ̀tọ́ lórí àlàyé àti fídíò tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ilé iṣẹ́ tó gba fíìmù láti tà kò fi dandan gba ohun tí ilé iṣẹ́ mìíràn fi owó ara rẹ̀ gbà sílẹ̀.

Èyí hàn nígbà tí Criterion, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń gbé fíìmù jáde lórí àwo, gbé tirẹ̀ jáde ní October 2018. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe 4K, ó sì mọ́ lójú. Bí ẹ bá wá ṣí àlàyé tó wà níbẹ̀, kì í ṣe méjèèjì ti 2001 ni ẹ ó gbọ́. Àlàyé kan tó ti pẹ́ jù wọ́n lọ ni, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1996, láyé laserdisc, àwo fídíò ńlá tó ṣáájú DVD: Reiner àti Goldman wà níbẹ̀, Billy Crystal, ọ̀kan lára àwọn òṣèré rẹ̀, náà wà níbẹ̀, Peter Falk tó ṣe bàbá àgbà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Falk kú ní 2011. Goldman fúnra rẹ̀ kú ní November 2018, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí páálí náà jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Falk, ti Criterion ni kó wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí Goldman nìkan bá òun sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má sọ ti 2001 nù. Èmi ò ní lè yan ọ̀kan.

Kí n fi èyí kún un, torí mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè: ojú dúdú tó máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, òun náà kì í ṣe àwòrán tí wọ́n gé. Fíìmù yìí fẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n onígun mẹ́rin àtijọ́ lọ, ojú dúdú yẹn ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Nígbà púpọ̀, ẹ̀dà tó kún ojú tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ bámúbámú ni wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àbúrò wa gbọ́ gbogbo èyí, ó dákẹ́, ó wá ní òun máa fi páálí Criterion ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kí ìjà lè parí. Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ti Blu-ray náà bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, torí wọ́n pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn fún Blu-ray, ẹ̀rọ ẹkùn kan sì lè kọ àwo ẹkùn mìíràn: ẹkùn A ni ti Amẹ́ríkà, ẹkùn B sì ni ti London, òun náà sì ni ti àwa ará Èkó. Àwo 4K UHD, irú àwo tó tún dé lẹ́yìn Blu-ray, tí Criterion ṣe lẹ́yìn náà ìbá wọlé, torí irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í ní ẹkùn, àmọ́ Blu-ray ni àbúrò wa rà. Páálí náà ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbẹ́ DVD rẹ̀ àtijọ́. Bí a bá lọ kí i, èyí tó ń sáré díẹ̀ yẹn náà la máa ń wò.