Ohun Funfun Tó Wà Lórí Èso Kọfí Yín Kì í Ṣe Àrùn

Tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní ìhà Kàbà, mo mọ̀ pé fóònù mi ò ní sinmi. "Ọ̀gá, kọfí mi ti ń bu o! Nǹkan funfun bí òwú wà lẹ́nu ihò ara èso. Kí ni kí n fín sí i?"

Ẹ má fín nǹkan kan sí i! Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ẹ já ọ̀kan nínú èso náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á láti ìdodo rẹ̀, níbi tí ihò wà. Kòkòrò dúdú kan tí kò ju orí ìṣáná lọ ni ẹ máa bá níbẹ̀, tí funfun yẹn ń hù jáde lára rẹ̀. Òun ló lu ihò yẹn, àmọ́ ó ti kú. Olú tí àwa akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń pè ní Beauveria bassiana ló pa á. Èso yín kọ́ ló ń bu, ọ̀tá yín ni.

Ṣùgbọ́n olú yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀rinrin. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hù lára kòkòrò kó tó wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ kì í jẹ́ kó hù. Oòrùn ọ̀sán gangan ń pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gé igi ayùnrẹ́ tó ń ṣíji bo kọfí yín, ẹ ní ó ń gba ààyè. Oko wá di gbalasa, olú kú, ooru sì ń jẹ́ kí kòkòrò tètè bí sí i.

Àwọn agbọ́n tíntìntín kan tún wà tí kì í ta ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn, Cephalonomia, máa ń fi ẹ̀ẹ̀rùn pa mọ́ sínú èso gbígbẹ, á sì máa jẹ ẹyin àti ọmọ kòkòrò níbẹ̀. Èkejì, Phymastichus, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú oko kọfí ní Tógò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ń mú kòkòrò àgbà nígbà tó ṣì ń lu ihò lọ́wọ́. Tí agbọ́n yìí bá ti dàgbà, ọjọ́ 2 sí 3 péré ló ń lò láyé. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń lé kòkòrò jáde látinú èso gbígbẹ lọ sórí èso tuntun, ìgbà yẹn gan-an lẹ sì ń gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn. Agbọ́n ló ń kú. Kòkòrò tó ti wọnú èso, oògùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ní aráyé ló ń ṣe wọ́n. Aráyé wo ló ráyè jókòó lu ihò sí èso kọfí lọ́kọ̀ọ̀kan?

Àwọn tó ń ta "àpapọ̀ oògùn" lọ́jà ló wá burú jù. Bàbá kan ra ti inú ìgò omi, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ọ̀sán ọyẹ́ ló fín in, atẹ́gùn sì dá a padà sójú rẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, tó ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ìdajì ìgò náà ṣì wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ kí n tó lè jókòó. Ó ní owó ńlá ni wọ́n fi rà á.